Ewédú Nínú Ilé Nígbà Òtútù: Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Kékeré Lè Bá Yín Ṣe

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè máa já ewédú tútù nínú ilé láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Inú omi ni ẹ ó ti gbìn ín, kì í ṣe inú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀fọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn o. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ á gba àyè yín, wọn ò sì ní mú èrè wá.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ojúmọ́ kò bá tó nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀, ewédú á sáré yọ òdòdó, á so, ewé rẹ̀ á sì kéré. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kì í tó wákàtí 8. Nítorí náà, ẹ fi iná LED tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn sókè rẹ̀, kí ó máa tàn láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́. Bí igi rẹ̀ bá ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, iná ti jìnnà jù. Bí ewé bá ń funfun, ó ti sún mọ́ ọn jù.

Táímà lásán lè tan iná kó sì pa á. Ooru ló mú kí kọ̀ǹpútà wúlò. Ewédú fẹ́ràn ooru bíi 25 sí 30 lórí ìwọ̀n Celsius. Raspberry Pi tàbí Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ lè kọ àṣẹ fún, lè máa ka ooru inú àpótí tí ẹ gbin ewédú sí, kó tan ẹ̀rọ amúlégbóná bó bá tutù, kó sì tan fáànù bó bá gbóná jù.

Ike tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀ ni kí ẹ pọn omi sí, nítorí ewéédò, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù nínú omi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn. Ẹ po ajílẹ̀ olómi mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i kí gbòǹgbò lè rí èémí. Kí pH omi, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, wà láàárín 5.5 sí 6.5. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun púpọ̀, pH rẹ̀ á máa gòkè ṣáá, ẹ ó máa fi ásíìdì díẹ̀díẹ̀ rọ̀ ọ́. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi ṣe èyí. Ohun tó ń wọn pH máa ń ṣìnà bó bá pẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà á gbọ́, á máa da ásíìdì sí i títí gbogbo ewédú yóò fi kú.

Kóró ewédú le. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí ẹ yára gbé e sínú omi tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ lè gé e. Ẹ fi kùkùté sílẹ̀, á tún rúwé.

Iná tó ń jẹ wáàtì 100 á gba yúnítì 1.5 lójúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ gbé gbogbo wáyà ga ju omi lọ.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, oòrùn yín ti tó ewédú. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojúmọ́ kúrú díẹ̀, tí ewédú sì ń tètè so, gílóòbù kékeré tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ sí aago 9 lè dá òdòdó yẹn dúró. Sólà kékeré sì lè gbé e.