Ilẹ̀ Mi Ti Kan: Bí Mo Ṣe Wá Láìmù Oko Kiri

Àpò ajílẹ̀ NPK kan ti lé ní ₦40,000 lọ́dún tí mo ń sọ yìí, oko àgbàdo mi lọ́nà Ìṣẹ́yìn sì gbé e mì bí ẹni ń rọ omi sínú agbọ̀n. Àgbàdo yọ, ó ga dé orúnkún, ó dúró. Etí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ àlùkò. Gbogbo ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "Ẹ fi yùríà kún un." Mo fi ajílẹ̀ náà kún un. Kò sí ohun tó yí padà, àfi owó tó tún lọ.

Inú ń bí mi di òní, torí ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ burúkú látilẹ̀wá. Àwọn tó dá a ṣáájú mi ti gbin àgbàdo lé àgbàdo fún ọ̀pọ̀ ọdún, yùríà ni wọ́n ń fọ́n sí i lọ́dọọdún, wọn ò jẹ́ kó sinmi, wọ́n sì ń dáná sun gbogbo pòpórò lẹ́yìn ìkórè. Yùríà máa ń mú kí ilẹ̀ kan, ìyẹn kí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín inú ilẹ̀ bá ti ń yí yùríà padà, ásíìdì ló ń jáde, òjò á sì máa fọ kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù lọ sí ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò ò lè dé. Ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa kì í pẹ́ kan. Bàbá onílẹ̀ gba owó ọdún wọn lọ́wọ́ mi, wọn ò sọ ẹyọ kan nínú èyí.

Ìgbà tí mo fa àgbàdo kan tu ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá ajílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó ki, ó pọ́n rúsúrúsú, kò ní irun wẹ́wẹ́ tó yẹ kó máa fi mu omi. Mo gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa, mi ò rí ekòló kan ṣoṣo.

Gbígba erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò kò le, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Kí ẹ ṣáà ti bù ú káàkiri oko, kì í ṣe ojú kan. Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn, èsì sì jáde: pH, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kíkan ilẹ̀, jẹ́ 4.7. Nǹkan bíi 5.5 sí 7 ni àgbàdo ń fẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré o. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi ẹyọ kan péré wálẹ̀, kíkan ilẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 5.5, álúmíníọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òun ló sì ń ba orí gbòǹgbò jẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn tí mo fowó rà nínú NPK ńkọ́? Ilẹ̀ dì í mú, àgbàdo ò rí i jẹ. Ibẹ̀ ni àwọ̀ àlùkò yẹn ti wá. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé kí n lo láìmù oko, ìyẹ̀fun òkúta tó ń mú kíkan kúrò nílẹ̀, tọ́ọ̀nù méjì fún hẹ́kítà kan.

Wàhálà gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta nǹkan oko, ẹ ó bá yùríà, ẹ ó bá NPK, ẹ ó bá oògùn apakoríko oríṣiríṣi tí wọ́n tò kan àjà. Ẹ bèèrè láìmù, wọ́n á máa wò yín. Ọ̀kan ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Òmíràn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba yùríà jàre, òun ni gbogbo èèyàn ń rà." Yùríà tó ba ilẹ̀ jẹ́! Ìyá kan lọ́jà mú ẹfun jáde fún mi, wọ́n ní ṣebí funfun náà ni. Amọ̀ funfun lásán ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oníṣòwò kan tó fi dá mi lójú pé òun ní i. Ó gba owó, ó ní kí n padà wá. Mo padà, ọjà ò tíì dé. Mo tún padà, ó ní ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Òjò ti ń rọ̀, àwọn tí oko wa jọ pààlà ti ń gbìn, èmi ń lọ ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Nígbà tó dé, ìyẹ̀fun funfun ni, ó kúnná, àpò rẹ̀ ò ní orúkọ. Mo bu díẹ̀ sórí abọ́, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí bí ẹni tó bá mi ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ ṣe kọ́ mi. Láìmù gidi gbọ́dọ̀ hó. Èyí ò hó rárá, ó kàn rin gbindin. POP ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé! Kálísíọ̀mù wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú kíkan kúrò nílẹ̀. Ìjà ni mo jà kó tó dá owó padà, kò sì dá a padà tán.

Bẹ́ẹ̀, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe láìmù wà lọ́dọ̀ wa níbí. Máàbù wà ní Ìgbẹ́tì nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà. Wọ́n ń wa òkúta láìmù ní Ewékorò àti Ṣàgámù, wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì. À ń fi kọ́lé, à ń fi ṣe ọ̀dà, àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ ò rí àpò kan rà nítòsí. Ó yẹ kó ti ojú àwọn tó ń pín ajílẹ̀ ẹ̀dínwó fún wa lọ́dọọdún.

Ìgbẹ́tì ni mo wá forí lé. Mo rí ìyẹ̀fun máàbù rà níbẹ̀, mo fún ọsàn sí i, ó hó díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó! Owó ọkọ̀ ló ju owó ọjà lọ, nítorí náà ohun tí mo rà ò kárí. Fún apá ilẹ̀ tó kù, mo lọ bá àwọn obìnrin tó ń dín gàrí, mo ní kí wọ́n fún mi ní eérú. Wọ́n ní, "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ, Bàbá, ó ti ń dí wa lọ́nà." Eérú igi ò lágbára tó láìmù, nǹkan bí ìlọ́po méjì ló máa gbà, ṣùgbọ́n pọ́táṣì wà nínú ẹ̀.

Mo fọ́n ọn, mo ro ó mọ́lẹ̀, mo gbin ẹ̀wà sí i lákọ̀ọ́kọ́, mi ò sun pòpórò kankan mọ́. Àyẹ̀wò kejì fi 5.6 hàn. Ìdajì NPK tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo fi gbin àgbàdo ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ sì gbó dé ṣóńṣó. Ekòló ti padà síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gba ilẹ̀ náà kúrò lẹ́nu ikú, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, owó àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí ẹ tó ra ajílẹ̀ kankan. Ẹ má fọ́n láìmù tàbí eérú pọ̀ mọ́ yùríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ lọ́jọ́ kan náà, afẹ́fẹ́ tó ń ta èèyàn nímú yẹn, náítírójìn yín ló ń bá a lọ. Ẹ má sì fi pọ̀ jù, torí ilẹ̀ tí láìmù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn rí síńkì jẹ.

Ẹ kọ ìwé pẹ̀lú onílẹ̀ kí ẹ tó gbé àpò kan wọ oko, nítorí láìmù máa ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Bàbá onílẹ̀ tèmi ti rí àgbàdo náà báyìí, wọ́n ní owó ilẹ̀ máa lé sí i, wọn ò sì fẹ́ kọ ju ọdún méjì lọ. A ṣì ń fà á. Mo ti gbé èsì àyẹ̀wò méjèèjì fún ọmọ wọn kó kà á sí wọn létí.