Ẹ Ka Ohun Tó Ń Gbé Lórí Ilẹ̀ Kí Katapílà Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀sítéètì máa ń pe ẹni tó máa wọn ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó di katapílà. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ tèmi wà n'Ìbàdàn níbí: kíka igi, ẹyẹ àti ẹranko tó wà lórí ilẹ̀ náà. Òfin EIA ti ọdún 1992, ìyẹn òfin àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká, mú ẹ̀sítéètì tó bá tó hẹ́kítà 50. Àwọn kéékèèké tó yí wa ká bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹni tó nilẹ̀ ló kù sí.

Ẹ dé orí ilẹ̀ náà bí ojúmọ́ bá ṣe ń mọ́, torí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń ké jù. Ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ rí àti èyí tẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ tó sún síwájú. Ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́ nítorí àdán àti òwìwí. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún lọ nígbà òjò: ibi tó gbẹ táútáú lóṣù kejì lè kún fún ọ̀pọ̀lọ́ lóṣù kẹfà. Ẹ mú ọdẹ àdúgbò àti ìyá eléwé-ọmọ dání. Wọ́n á fi ihò òkété àti ewé tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ hàn yín.

Igi ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ fi tépù wọn ìdí rẹ̀ yíká níwọ̀n àyà, ìyẹn mítà 1.3 sókè, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i. Lórí ilẹ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà, ìrókò ńlá kan bọ́ sójú ibi tí títì máa gbà, wọ́n sì fẹ́ gé e. Mo mú ẹni tó nilẹ̀ lọ síbẹ̀ lálẹ́, a tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Àdán bo ẹ̀ka, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, hàhá tí wọ́n tu dànù ń já bọ́ sí wa léjìká. Inú ìgbẹ́ àdán wọ̀nyí ni hóró ìrókò ń gbà dé oko tó jìnnà. Wọ́n yí títì náà gba ibòmíràn.

Igi tí ẹ bá dá sí, ẹ fi okùn yí i ká. Bí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà kan láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì (kì í ṣe yíká), ẹ fi mítà 12 sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kí búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì má wọ ibẹ̀, torí gbòǹgbò tó ń fa omi kì í jìn wọlẹ̀.

Bèbè odò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìbàdàn ò tíì gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa lọ́dún 1980, bẹ́ẹ̀ ni omíyalé August 26, 2011.

Ẹ kó erùpẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, kí òkìtì rẹ̀ má ga ju mítà méjì lọ. Òun lẹ ó fi gbin nǹkan. Ẹ fa koríko Akíntọ́lá tu kó tó tanná. Ẹ má fi masquerade tree nìkan yí ògiri ká, ẹ gbin afàrà, ahùn, akòko, ìyeyè àti àgbálùmọ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ mí láàárín interlock. Àwọn kan máa ń gé gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á ní àwọn á gbin igi síbòmíràn. Mi ò fara mọ́ ọn, àfi tí kò bá sọ́nà mìíràn rárá.

Lọ́dún kejì, ẹ padà sójú ibi tẹ́ ẹ dúró sí, lóṣù kan náà, ní wákàtí kan náà, kẹ́ ẹ tún ẹyẹ kà. Bó bá dín, ẹ wo ibi tí koríko ti tán àti ibi tí omi ti gbẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.