Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kágò l'Ábẹ́òkúta

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí ó ṣe kó àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìbàdàn tí wọ́n fi dé abẹ́ òkúta ní 1830, bẹ́ẹ̀ ojú mi ò tíì kan òkúta náà rí. Ìyá onílé wa, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà, ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Tíṣà, ìgbà wo lo máa lọ wo ohun tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo gbéra.

Mo wọ rélùwéè àárọ̀ ní Alágómeji. Ìrìn àjò náà dùn, kò sí gòsílóò. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹni tí kò bá lọ rí mọ̀: Láderin tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò sílẹ̀ kò sí láàárín ìgboro, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ìgboro. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì bá awakọ̀ ná an kí ẹ tó jókòó. Èmi ò ná an, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, tí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ Abẹ́òkúta, á káwọ́ lérí.

Òkè Olúmọ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn ròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún, nítorí pé ẹsẹ̀ ni àwọn tí mò ń sọ ìtàn wọn fi gùn ún. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe bíi tèmi, bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì tètè dé kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Ọmọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri ló ṣáájú wa. Ó mú wa dé ibi ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun. Mo ní láti tẹ̀ ba kí n tó wọlé. Inú ibẹ̀ tutù, àpáta sì sún mọ́ orí ènìyàn débi pé àwa mẹ́rin tí a jọ wọlé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ká dákẹ́.

Nílẹ̀, lára òkúta náà gan-an, ni mo ti rí àwọn ihò róbótó. Ọmọkùnrin náà ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ohun jíjẹ nígbà tí wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó ń dán nínú bí inú àwo tánganran, etí rẹ̀ nìkan ló ṣì rí ṣákaṣàka. Ọwọ́ mélòó ló máa lọ nǹkan nínú òkúta kó tó dán báyẹn? Ọdún mẹ́fà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, orúkọ àwọn olórí ogun ni mo ń kọ sójú pátákó. N ò mẹ́nu kan ẹni tó ń gúnyán, tó ń lọ ata, rí.

Níwájú díẹ̀ ni ojúbọ wà. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sì wà níbẹ̀. Mo yọ fóònù, mo ti fẹ́ ya fọ́tò, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ọmọ mi, ṣé o kágò?"

Ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó sórí ẹní. N ò tilẹ̀ rí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

"N ò bínú. Padà sẹ́yìn, kí o tún wá."

Mo padà dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo ní, "Àgò onílé o!" Ó ní, "Àgò yà o, máa wọlé." Ìgbà yẹn ló tó béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀ àti orúkọ bàbá mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó sì sọ fún mi pé ibi tí àwọn baba wọn ti ń bẹ Ọlọ́run ni, kì í ṣe ibi àwòṣeré. Mo fi fóònù sínú báàgì, n ò sì ya ibẹ̀ títí mo fi kúrò. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mi ò bọ òrìṣà rí, ṣùgbọ́n ilé onílé ni mo wọ̀, àwọn òbí mi sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé. Ó dùn mí pé fóònù ló mú mi gbàgbé.

Lórí òkè pátápátá, afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé gèlè mi lọ. Páánù tó ti dípẹtà ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, Odò Ògùn ń dán lọ́nà jíjìn. Ibẹ̀ ló ti yé mi ìdí tí wọ́n fi tẹ̀dó síbí: ọ̀tá ò lè yọ́ wá. Àwọn ará Dàhòmì wá ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n padà lọ́wọ́ òfo.

Láti ẹsẹ̀ òkè, ìrìn díẹ̀ ló gbé mi dé Ìtòkú. Àdìrẹ ló kún ọjà náà. Nínú agbo ilé kan ní Kẹ́mta, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kágò. Wọ́n dáhùn kí n tó parí ẹ̀. Ìyá aláró kan, tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. Nígbà tí aṣọ náà jáde, kò dúdú rárá. Ó tutù bí ewé, bíi pé ẹ̀fọ́ ni wọ́n gún sí i lára. Ìyá náà gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ sórí okùn, ó ní kí n má ṣẹ́jú. Lójú mi báyìí ni àwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, láti etí aṣọ wá sí àárín, ó ń di aró, ó ń dúdú sí i. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é, pé inú ìkòkò kọ́ ni aró ti ń di aró.

Ó fi ìṣù ẹlú hàn mí, ewé tí wọ́n gún, tí wọ́n ká róbótó, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n á wá fi omi eérú rẹ. Oríṣi àdìrẹ méjì ló wà níbẹ̀: oníko ni èyí tí wọ́n ń fi ìko dì. Ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sára aṣọ kí aró má baà mú ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí aṣọ náà sódì. Èyí tí ọwọ́ ṣe, aró rẹ̀ mú tinú tẹ̀yìn. Àfarawé tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì funfun. Ó ń dùn mí wọra pé ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rà lọ. Ọ̀pá márùn-ún oníko ni mo rà.

Mo jẹ láfún pẹ̀lú ewédú, mo sì kọjá sí Aké. Níwájú ààfin Aláké ni mo ti rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọlọ́jà tó kó jáde ní 1947 nítorí owó orí, títí Aláké ìgbà náà, Adémọ́lá Kejì, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ kò jìnnà sí ibẹ̀, ìlú yìí kan náà sì ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, lédè Yorùbá, kí wọ́n tó fọ́ ilé ìtẹ̀wé náà nígbà Ìfọ́lé ní 1867, rògbòdìyàn tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Èmi tí mò ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá láti kékeré, ibí ni orísun rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àdìrẹ náà lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń yí i sódì. Mo wá sọ fún wọn nípa àwọn obìnrin inú ihò àpáta. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Mà, báwo ni ihò yẹn ṣe tóbi tó?" Mo di ìkúùkù mi, mo nà án sí i, mo ní gbogbo rẹ̀ wọ inú ẹ̀.