Bí ẹ ṣe lè gbẹ́ teponaztli, ìlù ahọ́n méjì àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò ayé àtijọ́

Ẹ̀yin onílù tó ń bi mí nípa ìlù tí mò ń lù pẹ̀lú àwọn oníjó Mẹ́síkò níbí ní Texas, bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ rèé. Kò sí awọ lójú rẹ̀ rárá. Ahọ́n méjì tí a là sí ara igi ló ń ké.

Ẹ wá igi líle tó ti gbẹ dénú. Walnut ni mo fẹ́ràn jù. Igi tútù á sán mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ inú rẹ̀ láti abẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá orí méjèèjì lu. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ayùn tín-ín-rín la òkè rẹ̀ bíi lẹ́tà H: ìlà gígùn méjì, ìkan tó dábùú láàrin wọn. Ahọ́n méjì á wá kọjú síra, ìdí wọn á so mọ́ igi.

Ohùn rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí ẹ bá fá ahọ́n lábẹ́ nítòsí ẹnu, á fúyẹ́, ohùn á gòkè. Tí ẹ bá fá ìdí rẹ̀, á rọ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Ẹ fá díẹ̀, ẹ lù ú, ẹ tẹ́tí, kí ẹ tó tún fá. Kò ní ọṣán tí ẹ lè fún bíi ti dùndún; ohùn tí ẹ bá fún un lónìí ló máa bá a dọjọ́ alẹ́. Èmi máa ń jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra bíi dò sí mí.

Ẹ wé rọ́bà mọ́ orí ọ̀pá tí ẹ máa fi lù ú, bí àwọn Aztec ti ń ṣe. Igi lásán á kàn máa pariwo, á sì ba ahọ́n jẹ́. Ẹ gbé ìlù náà sórí ẹsẹ̀ onígi bíi ti àga, torí tó bá wà nílẹ̀, ilẹ̀ á dí ihò abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ẹnu lù ú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nínú Cantares Mexicanos, àkójọ orin ní Nahuatl, èdè àwọn Aztec, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 16, ti, to, ki, ko ni wọ́n fi ń pe ìlù. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i!

Lóde ijó, wọ́n á kọ́kọ́ fi èéfín kópàlì, oje igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sun bíi tùràrí, yí ìlù ká. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Huehuetl, ìlù aláwọ tó ń dúró lóòró, ló ń darí ẹsẹ̀ oníjó. Òun ni kí ẹ máa tẹ̀lé.