Oúnjẹ Ni Kẹ́ Ẹ Fi Lò Ó: Ìtọ́sọ́nà Lórí Oògùn Fọ́sífétì àti Ọkàn Ẹni Tó Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Abuja àti agbègbè rẹ̀, àti fún ẹni tó ń dáná fún un.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gé owó ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Ti Jabi ní Abuja àti ti Yunifásítì Maiduguri wà lára wọn. Ẹni tí owó kì í jẹ́ kó fọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti lè máa wo ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ títí, a ò ní í tún un sọ níbí. Oògùn fọ́sífétì ni ẹjọ́ wa, ìyẹn oògùn tó ń di fọ́sífétì, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, mú kó má baà wọ ẹ̀jẹ̀.

Kíndìnrín tó ti dákẹ́ kì í tú fọ́sífétì dànù mọ́. Òun àti kálísíọ̀mù á wá lẹ̀ mọ́ fáàfù ọkàn, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, bíi funfun tí omi kànga ẹ̀rọ máa ń fi sílẹ̀ sínú kẹ́tùlù. Fáàfù á le, kò ní í ṣí dáadáa mọ́. Lára ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ le tó ti ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ń yọ nǹkan bí 800 sí 1,000 mg fọ́sífétì ní wákàtí mẹ́rin. Oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo lè tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí dókítà fi kọ kálísíọ̀mù tàbí sevelamer fún yín. Inú oúnjẹ loògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ìyá kan ní Mararaba fi ìka kà á fún wa: hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọjọ́ kan lòun ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà kóun tó sùn, "kó lè tán". Kálísíọ̀mù tí kò bá oúnjẹ nínú ikùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, a sì ti sọ ibi tó ń lọ. Ẹ fowó ra oògùn, ẹ fi ń ba ọkàn jẹ́!

Bí wọ́n bá kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, oúnjẹ mẹ́ta ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe aago mẹ́ta. Òkèlè kejì tàbí ìkẹta ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ṣe fún rírún, ẹ rún un kúnná. Sevelamer 800 mg, ẹ gbé e mì lódidi, ẹ má fọ́ ọ. Ẹni tí kò jẹun àárọ̀ kò gbọdọ̀ lo ti àárọ̀, kò sì gbọdọ̀ dì í mọ́ ti alẹ́. Ẹ kó ìgò oògùn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ní yàrá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ ní ilé ìdáná.

Kílíṣí àti kúlíkúlí kì í ṣe ìpápánu lásán o. Fọ́sífétì wà nínú wọn bó ṣe wà nínú oúnjẹ gidi, torí náà ẹ bi dókítà bóyá kẹ́ ẹ lo oògùn sí i. Ẹ má dá a lò fúnra yín. Ẹ̀wà lọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún, wọ́n á sì máa mu kóòkì lójoojúmọ́. Fọ́sífétì tí wọ́n pò sínú kóòkì àti ẹran inú agolo ń wọ ara ju ti ẹ̀wà lọ.

Bí ẹni tí wọ́n fi rọ́bà ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ sí lọ́rùn bá ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Kòkòrò lè gba rọ́bà náà dé fáàfù. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ béèrè fún ẹ́kò ọkàn, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Bí èémí bá ń há, tí òòyì ń gbé yín ṣubú, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ nígbà gbogbo, ẹ má dúró de ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ṣe ẹ́kò náà, kì í ṣe ìgbà tí omi ti kún ara.