Bí a ṣe ń dá ẹ̀yà ológbò mọ̀ láti ara ìrísí àti ìwà rẹ̀

Àwọ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí ológbò abilà tí àmì bíi lẹ́tà M wà níwájú orí rẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀yà pàtàkì kan ni. Ẹ̀yà kọ́. Ológbò tó ń ṣọdẹ eku lọ́jà ní ilà yẹn, Maine Coon, ẹ̀yà kan tó wọ́n bí ojú, náà sì ní in. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ológbò ayé ni kò tilẹ̀ ní ẹ̀yà kankan, àdàlù ni wọ́n. Nítorí náà, ẹ rí ẹ̀rí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dárúkọ.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti egungun orí, kí ẹ sì wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Imú Persian kúrú, ó rì sínú, orí rẹ̀ rí róbótó. Orí Siamese òde òní rí bí onígun mẹ́ta, etí rẹ̀ fẹ̀. Maine Coon àti Norwegian Forest Cat ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn, torí àwọn méjèèjì ló tóbi, tí irun wọn sì kún. Bí ìlà láti iwájú orí dé ṣóńṣó imú bá tọ́ gbọnrangandan, ti Norway ni. Bó bá tẹ̀ wọlé díẹ̀, tí ẹnu sì yọ síwájú bí àpótí, Maine Coon ni. Akọ Maine Coon máa ń tó kílò 6 sí 8. Ẹ gbé e dání gorí ìwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Bí ọwọ́ yín kò bá kan egungun ìhà rẹ̀, ọ̀rá lásán lẹ wọ̀n.

2. Etí àti ìrù. Etí Scottish Fold máa ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n etí tó nà ni wọ́n ń bí i mọ́. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tẹ̀. Ìjàǹbá lè gé ìrù ológbò èyíkéyìí, nítorí náà, kí ẹ tó pe èyí tí kò ní ìrù ní Manx, ẹ̀yà tí wọ́n sábà máa ń bí láìní ìrù, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ti iwájú lọ.

3. Irun àti ẹyinjú. Láàárín àwọn aláwọ̀ eérú, Russian Blue pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹyinjú rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. British Shorthair ki pọ́pọ́, tirẹ̀ sì pọ́n bíi bàbà. Ẹ má fi ẹyinjú dá ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́jọ́, torí aró ni ti gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Èròjà tó ń pa irun Siamese láró kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bí i ní funfun, tí etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù, níbi tí ara ti tutù, fi ń ṣókùnkùn bó ṣe ń dàgbà. Ragdoll àti Birman náà ní àwọ̀ yìí, ṣùgbọ́n irun tiwọn gùn. Birman tún wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun.

4. Ìwà ló kẹ́yìn. Siamese a máa ké ṣáá bí ẹni ń bá èèyàn rojọ́, Bengal kì í jókòó jẹ́ẹ́, Persian fẹ́ràn ìsinmi. Àmọ́ ọmọ ológbò tí èèyàn ń gbé jó láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje yóò sún mọ́ èèyàn, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì lè sá pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má tíì sọ ìwà rẹ̀.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní ojúlówó ni, ẹ béèrè ìwé ìran rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, àyẹ̀wò DNA wà: òwú tí wọ́n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò náà ni wọ́n ń lò.