Omi Oko Ìrẹsì àti Akọ Ibà: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Agbo-ilé ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ojú ló ti ń wo àkùrọ̀ agbègbè wa, láti Itoikin títí dé Agbówà àti Èjìnrìn, nítorí pé ẹ̀rọ tó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan kì í yó bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ṣe lè gbin ìrẹsì àkùrọ̀ kí omi má dúró, omi tó sì dúró sójú oòrùn gan-an ni ẹ̀fọn anófẹ́lì, èyí tó ń gbé akọ ibà kiri, fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń ṣí omi tó sì ń dí i ni ìjánu ẹ̀fọn wà, àti pé olùwádìí tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ ìrẹsì àti iṣẹ́ ẹ̀fọn pa pọ̀.

Ìdí tí ìmọ̀ kan ṣoṣo kò fi tó

Ní ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, pẹ̀lú àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àyíká, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá bí a ṣe lè fi ètò omi àti ilẹ̀ dín kòkòrò tó ń tan àrùn kù. Lẹ́yìn náà, ní Lower Moshi ní Tanzania, àwọn olùwádìí bá ẹ̀fọn rẹpẹtẹ ní abúlé olóko ìrẹsì, síbẹ̀ ibà ibẹ̀ kò tó ti abúlé tí kò gbin ín. Wọ́n gbà pé owó tí ìrẹsì ń mú wọlé ni àwọn ènìyàn fi ń ra àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi èyí tu ara rẹ̀ nínú. Àtúpalẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 2022, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà jọ, fi hàn pé láti nǹkan bí ọdún 2003, nígbà tí àwọ̀n àti ìtọ́jú ti ń dé abúlé gbogbo, abúlé olóko ìrẹsì ni ibà ti ń pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹni tó mọ ẹ̀fọn nìkan lè ní kí ẹ gbẹ omi oko nígbà tí ìrẹsì ń tan òdòdó, kí ó sì ba ìkórè jẹ́ fún yín. Ẹni tó mọ ìrẹsì nìkan yóò ní kí omi máa kún oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní tiwa, a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní láti wọ inú ẹrẹ̀ lọ bu tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ṣì ń gbé inú omi, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kòkòrò náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin ìrẹsì títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó, nítorí ìmọ̀ràn ẹni tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sú àgbẹ̀.

Bí a ṣe ń wá tanwíjí

Ẹ mú abọ́ funfun, kí ẹ lọ sí etí oko níbi tí omi kò ti jìn. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí omi, nítorí kíákíá ni tanwíjí ń rì sísàlẹ̀ bí òjìji bá kàn án. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó rọra bu omi. Èyí tó bá sùn gbalaja sórí omi bí ìṣẹ́pá igi kékeré ni ti anófẹ́lì. Èyí tó bá dorí kodò tó fi ìdí kan ojú omi jẹ́ ti ẹ̀fọn mìíràn, tí òun náà ń yọni lẹ́nu ṣùgbọ́n tí kì í gbé akọ ibà. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìrẹsì gbìn ló yẹ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò jù, kí ewé tó bo omi mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń darí omi

Ẹyin ẹ̀fọn máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 kí ó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, bí ìrẹsì bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lóko, ẹ lè máa jẹ́ kí omi fà kí ẹ tó tún bu òmíràn sí i. Ẹ wá páìpù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ lu ihò sí ìdajì rẹ̀ tó máa wà nísàlẹ̀, ẹ rì í mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Nígbà tí omi inú páìpù bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀ ojú ilẹ̀ ni kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Bí ìrẹsì bá ń tan òdòdó, ẹ dá ọwọ́ èyí dúró, kí omi tó sẹ̀ǹtímítà 5 wà lóko. Epo pọ́ǹpù tí èyí ń dín kù nìkan tó ìdí láti gbìyànjú rẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, omi yóò fà tán lójú oko, yóò sì ṣẹ́kù sínú ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ń tu koríko, ibẹ̀ sì ni tanwíjí yóò sá sí. Kí ẹ tẹ́ ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbìn ni ojútùú rẹ̀. Àwọn kànga kékeré tí a ń gbẹ́ láti bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ẹ dí wọn bí ẹ bá ti kórè tán. Ní ìgbà tí ọ̀sà bá kún tí omi kò ṣeé fà, epìyà lè ran yín lọ́wọ́ láti jẹ tanwíjí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dé etí omi tí kò jìn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn kòkòrò. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń fín sí ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì bá èyí tí wọ́n fi rẹ àwọ̀n tan, bí ẹ bá sì ń fín in láìnídìí, ẹ̀fọn tí oògùn náà ti mọ́ lára yóò bà lé àwọ̀n láìkú.

Nínú ilé àti ní ahéré

Ẹni tó bá ń sùn ní ahéré nílò àwọ̀n bí ẹni tó wà nílé. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi àwọ̀n yìí dẹ ẹja tàbí bo ẹ̀fọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kí aláboyún béèrè oògùn adènà ibà níbi ìtọ́jú aboyún, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó lo oògùn.

Nígbà tí olùwádìí bá dé

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí omi, ọjọ́ tí ẹ gbẹ ẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ da ajílẹ̀ sí oko, torí ní Mwea ní Kenya wọ́n ti rí i pé tanwíjí ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá da ajílẹ̀ amóníọ̀mù, irú ajílẹ̀ kẹ́míkà kan. Ẹ bi olùwádìí léèrè ohun tó fẹ́ wọ̀n, kí ẹ sì sọ fún un bí omi ṣe ń wọ oko yín ní ìgbà òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó kúrò, ẹ bá a dá ọjọ́ tí yóò padà wá sọ ohun tó rí fún yín, ní Yorùbá, lójú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń lo omi kan náà.